Wáyà Kejì

Olùkọ́ Yorùbá ni bàbá wa, kì í sì í fi àmì ohùn ṣeré. Dò, re, mí ló fi kọ́ gbogbo wa. Tí o bá kọ̀wé sí i láìfàmì sí i, á fi bírò pupa bá ọ jà, á dá a padà. Òun náà ló lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde nílé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, pé ó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, ó lọ ń tún ohùn ṣe lórí kọ̀ǹpútà. "Má fẹsẹ̀ kan ilé mi mọ́, ìwọ àti wáyà rẹ!" Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí a ń sin bàbá, ẹnu géètì ni ẹ̀gbọ́n mi dúró sí.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo rí ohùn kan tí bàbá gbà sílẹ̀ nínú fóònù rẹ̀, èyí tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, àǹtí wa, tí kò lọ. Ariwo ẹ̀rọ omi ti bò ó mọ́lẹ̀. "Ọmọ mi obìnrin yẹn" nìkan ni etí mi mú. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi.

Nínú ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́, èèyàn kì í kọ kóòdù. Àpótí kéékèèké ló ń tò sójú kọ̀ǹpútà, á wá fi wáyà so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Fúríà. Bí o bá da ohùn sí i, á pín in, èyí tó lọ sílẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó lọ sókè lọ́tọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣa ariwo ẹ̀rọ omi dànù, ó ní kí àpótí mìíràn kó ìyókù pọ̀.

Bàbá sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíi rọ́bọ́ọ̀tì, re-re-re lásán: "Ọmọ mi obinrin yẹn, ko wale."

Ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n.

"Dò ni àbí mí?" ló bi mí. "Kò wálé, àbí kó wálé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ o."

"Kò wálé ni. Ẹjọ́ mi ló ń rò fún àǹtí. Bàbá yẹn ò lè yí padà láé." Ó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà.

Inú bí mi. "Bàbá tó ń fàmì sórí gbogbo nǹkan, ṣé òun ló máa sọ̀rọ̀ láìlámì? Ẹ yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Wáyà méjì ló yẹ kó jáde lára Fúríà. Ọ̀kan ń sọ bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó, èkejì ń sọ ibi tí ìgbì rẹ̀ dé. Ó ti gbàgbé èkejì, ìyẹn ló sọ ohùn bàbá di re-re-re. Ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́! Ó fọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀, ó so wáyà náà.

"Ọmọ mi obìnrin yẹn, kó wálé."

Mí ni. Mí gedegbe, bó ṣe máa ń pè é ní kíláàsì. Ara tù mí débi pé ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ló ti ṣọ́ọ̀bù pa, ní ọ̀sán gangan.

Nígbà tí a délé, kò dúró ní géètì. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí bàbá ṣe ń fẹ́, ó lọ tààrà sí kíṣìnnì, ó ṣí ìkòkò.

"Ebi ń pa mí," ló wí. "Kí lo sè?"