Eku Tí Kò Darúgbó

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní báyọ́lọ́jì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́ n'Íjẹ̀bú-Òde, ilé ẹ̀kọ́ kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ mi yìí ní àwọn ti rí ewé kan tí kì í jẹ́ kí ara gbó. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ eku funfun mẹ́fà nínú láàbù wa. Mẹ́fà mìíràn ń jẹ oúnjẹ lásán. Èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì gé ṣóńṣó etí àwọn tó ń jẹ ewé, ká lè máa dá wọn mọ̀.

Nígbà tó máa fi di ọdún kẹta, lẹ́yìn tí àwọn sójà ti padà gbàjọba, àwọn tí kò jẹ ewé ti kú tán. Tiwa ṣì ń sáré kiri, irun wọn ń dán.

Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì pe ìpàdé láti jiyàn ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin kan tó ń kọ́ni n'Íjagun dìde, ó ní, "Eku méjìlá kéré. Ta ló tún ń ṣọ́ wọn, yàtọ̀ sí ẹni tó ni wọ́n?"

Mo fò dìde. "Èmi ni! Ọwọ́ mi ni mo fi gé etí wọn."

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Màmá mi gbọ́ l'Áyépé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo ewé náà láràárọ̀. "Bó o bá ti ní ó dáa, ó parí," wọ́n wí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìpàdé, mo ń fún àwọn eku lómi nígbà tí mo rí èépá létí ọ̀kan. Egbò ọdún mẹ́ta, báwo ni èépá ṣe kù níbẹ̀?

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi, olùkọ́ báyọ́lọ́jì náà. "Sà, eku wo nìyí?"

Wọ́n wo etí eku náà. "Àwọn tó ń jẹ ewé ti ń kú láti ọdún kìíní. Bí ọ̀kan bá ti kú, mo máa ń wá òmíràn. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ìjẹta ni mo gé etí rẹ̀. Ewé náà ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀. Ẹ̀rí ló pẹ́ dé."

"Ẹ wá jẹ́ kí n dìde níwájú gbogbo èèyàn, sà?"

"Ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́," wọ́n fèsì.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó pe ìpàdé pé mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo wá wọkọ̀ lọ s'Áyépé. Màmá mi gbọ́ mi tán, wọ́n gbé ìkòkò àgbo jáde, wọ́n dà á sí ẹ̀yìnkùlé. Wọn ò bú mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní kí wọ́n lo oògùn kan, wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹlòmíràn.