Alágbẹ̀dẹ Tí Kò Fẹ́ Kó Lọ Pátápátá

Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá Adéòkè, alágbẹ̀dẹ Gànájà ní Lọ́kọ́ja, tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Patricia wá bá a. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Patricia, Lokongoma ló ń gbé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ètè kíkùn àti bàtà gíga, ó sì kúnlẹ̀ kí bàbá.

"Orí Google ni mo ti rí yín, sà. Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà rẹpẹtẹ. Ńlá lẹ fẹ́ ni, àbí kékeré?"

"Èyí tó bá ṣáà ti lè ṣiṣẹ́, sà."

"Kò sí ọ̀lẹ nínú tiwa. Bó bá kúnu lẹ́yìn ọdún kan, ẹ gbé e padà wá, màá pọ́n ọn fún yín."

Patricia rò ó wò. "Ṣé kò tíì níyàwó, sà?"

Bàbá gbé ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní òun ò tíì bi í léèrè.

Adéòkè, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà lẹ́yìn ògiri, ó ń fi aṣọ di ẹnu kí ẹ̀rín má bàa pa á. Òun ló ṣí ojú-ewé fún bàbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Adankolo, ṣùgbọ́n bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: okolokoja. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bàbá ò wo ilé, ọkọ́ tó ń rọ ló wò, kò sì sí àmì ohùn nínú orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń wá ọkọ ń pè é, ẹni tó ń wá ọkọ̀ ojú omi náà ń pè é. Uwais kan láti àdúgbò àtijọ́ ní Lọ́kọ́ja bi í léèrè aago tí ọkọ̀ yóò gbéra lọ sí Ìdah.

"Ìgbà tí o bá ti gbé e lé èjìká," ni bàbá dá a lóhùn, ó sì pa fóònù.

Kò bínú, nítorí pé òun ló ń síwájú lórí Google. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò ní kí pásítọ̀ tẹ "oko lokoja" wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra ni pásítọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Adéòkè bẹ bàbá pé kí wọ́n yí orúkọ náà sí irinseagbe.

"Ipò mi ńkọ́?"

"A ó fi ìdarí sílẹ̀, Bàbá. Ẹni tó bá lọ sí orúkọ àtijọ́, yóò gbé e wá sí tuntun. Bí a bá sọ fún Google pé a ti kó lọ pátápátá, iyì àtijọ́ á tẹ̀lé wa. Bí a bá ní ìgbà díẹ̀ ni, á máa retí pé a óò padà, orúkọ àtijọ́ ni á sì máa fi han ayé."

Bàbá dìde. "Èèyàn tó ń jáde nílé, kí ló máa ń wí?"

"Ó máa ń ní òun ń bọ̀."

"Ta ló ń lọ pátápátá?"

Adéòkè ṣí kọ̀ǹpútà.

"Sọ fún Google pé mo ń bọ̀."

Ìgbà díẹ̀ náà ni wọ́n fi sí i. Google gbà á gbọ́, ó ń retí rẹ̀, àwọn tó ń wá ọkọ náà ò sì yéé pè.

Kò tán síbẹ̀. Bàbá tún ní kí gbogbo ojú-ewé, ti àdá, ti dòjé, ti àáké, máa darí sí ojú-ewé iwájú, níbi tí àwòrán rẹ̀ wà. "Ta ló ń wọlé onílé láì kí baálé?" Nígbà tí Google rí i pé ẹni tó ń wá àdá, àwòrán bàbá arúgbó kan ló ń rí, ó yọ àdá kúrò nínú àkójọ rẹ̀. Bàbá ní wọn ò kọ́ Google nílé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àyà dun ún fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kú.

Àgbẹ̀dẹ wá ku Adéòkè àti Abdulazeez, tí òun àti bàbá ti jọ ń rọ irin fún ogún ọdún. Àwọn àgbẹ̀ ò rí wọn lórí Google. Abdulazeez ní bó bá rí báyìí títí òjò fi rọ̀, ewìrì tó ń fẹ́ná á dákẹ́.

Adéòkè jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó darí ti àdá sí àdá, ti dòjé sí dòjé. Ó wá yan "pátápátá", ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Kí ló ń bi ọ́?" ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ó ní ṣé ó dá mi lójú."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ̀rín náà ń pọ̀ sí i títí ó fi di ẹkún. Ó nu ojú. "Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Irin ò gbọdọ̀ tutù."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, Adéòkè wá ọkọ́ àgbẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lórí fóònù rẹ̀. Àgbẹ̀dẹ wọn ló síwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú orúkọ tuntun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé, ó na fóònù síwájú, ó ti dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó ti pe, "Bàbá, ẹ wá wò ó," kó tó rántí.

Abdulazeez dá ọmọ owú tó fi ń lu irin dúró lókè, kò jẹ́ kó balẹ̀.