Nígbà Tí Dádì Gbé Ọ̀rọ̀ Mọ́mì Lọ sí Kóòtù

Òórùn ògì tó ń jóná ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ilé ìwé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi gígùn ni, Fairburn nítòsí Atlanta la sì ń gbé, nínú ẹ̀sítéètì tuntun kan tí gbogbo ilé rẹ̀ jọra débi pé àwọn àlejò wa máa ń kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Èèyàn kì í ṣi òórùn ògì tó jóná mọ̀. Ó kan, ó korò, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ojú fèrèsé fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ látòkè. Èéfín ti gba kíṣìnì. Mọ́mì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú sítóòfù, wọ́n fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù, ṣíbí onígi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, oorun sì ti gbé wọn lọ.

Mo pa sítóòfù, mo ṣí fèrèsé. Mo pè wọ́n títí kí wọ́n tó lajú. Wọ́n kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí, lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, o ti jí? Ògì ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá arúgbó kan fẹ́ ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì, Mọ́mì gbá a mú, ni nǹkan bá yẹ̀ lẹ́yìn wọn. Dókítà fún wọn ní oògùn ìrora, hóró funfun kékeré, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń kọrin níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Nígbà tó yá, dókítà ní ó tó. Àmọ́ ara Mọ́mì ò gbà pé ó tó. Ibi tí wọ́n ti ń rí oògùn náà lẹ́yìn ìyẹn, mi ò béèrè rí, títí dòní.

Dádì ò tètè rí i. Nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń to ẹrù sínú tírélà. Nígbà tí mo bá máa fi ti ilé ìwé dé, wọ́n ti lọ. Tí wọ́n bá padà, Mọ́mì ti sùn. "Iṣẹ́ ló ń pa ìyá rẹ," wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, wọ́n á sì bo Mọ́mì láṣọ. Èmi ni mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ nìkan. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí ògì jóná, Mọ́mì wá gbé mi nílé ìwé, wọ́n sì sùn lọ níbi tí iná tó ń darí ọkọ̀ ní títì ti dá wa dúró. Mọ́tò wa rọra yí lọ síwájú títí ó fi gbá ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú wa. Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ó wo ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó wo Mọ́mì, ó mi orí, ó sì wakọ̀ lọ. Mọ́mì di ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún Dádì rẹ. Ó kàn rẹ̀ mí ni." Mi ò sọ. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti wọ mọ́tò, ojú Mọ́mì ni mo máa ń wò láti ilé ìwé títí dé ilé, mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi kí wọ́n má baà sùn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá hàn sí Dádì, kó tó di ọjọ́ tí ògì jóná, ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. A gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Mọ́mì kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, wọ́n sunkún, wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan oògùn náà mọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ní wákàtí yẹn.

Lọ́jọ́ tí ògì jóná, Dádì pe Àǹtí Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, lórí fóònù. Buford ni Àǹtí ń gbé, ní òdìkejì Atlanta pátápátá, ọ́fíìsì ilé ìwòsàn kan ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wá gbé mi kí n lè lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mọ́mì ń sùn lókè nígbà tí wọ́n dé, nítorí náà wọn ò rí ara wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti Àǹtí jókòó sídìí tábìlì kíṣìnì wọn, a ń ṣa ẹ̀wà. Àǹtí ò gbójú sókè. Wọ́n kàn béèrè pé, "Fọlákẹ́, ṣé ẹ̀rù máa ń bà ẹ́ tí ìyá rẹ bá ń wakọ̀?"

Ọwọ́ mi dúró sínú ẹ̀wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, iná títì, ọkùnrin tó mi orí, gbogbo ìgbà tí mo bá wọn nílẹ̀ nínú bálùwẹ̀. Nígbà tí mo parí, Àǹtí kó ẹ̀wà tó kù sínú ìkòkò láìṣà á, wọ́n sì gbé fóònù.

Dádì wá sí Buford nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo wà lórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ wọn.

"Àǹtí, ṣé kí n gbé ìyàwó mi lọ sí kóòtù ni? Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá yín nílé?"

"Ẹ ò pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ máa ní kí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ni. Tí wọ́n bá rí i pé oògùn ti borí rẹ̀, adájọ́ lè pàṣẹ pé kó gba ìtọ́jú, bó fẹ́, bó kọ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí ẹjọ́."

"Ta ló máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún ìyàwó mi?"

Àǹtí Bọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ yìí ló wà nínú mọ́tò náà, Dádì Fọlákẹ́."

Ní Mọ́ńdè, àwa mẹ́ta lọ sí kóòtù káǹtì wa, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, torí kò sẹ́ni tó máa dúró tì mí. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣètò ìwé ogún àwọn tó kú ni, ibẹ̀ kan náà sì ni àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ti ń gbàwé àṣẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà níwájú wa lórí ìlà, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Dádì ń wò wọ́n. Dádì ní, "Ibí la ti gba tiwa náà." Àǹtí ń ka nǹkan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, bí ẹni tí kò gbọ́.

Obìnrin àgbàlagbà tó wà ní káńtà ò kánjú, ó sì fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lè gbà wá nímọ̀ràn, òun kàn lè sọ ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè. Èèyàn méjì gbọ́dọ̀ búra pé àwọn fojú ara wọn rí Mọ́mì láàárín ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń búra. "Ohun tí ẹ rí ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan sọ fún yín." Dádì ti rí wọn. Àǹtí ò rí wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Àǹtí tọ́ka sí mi, obìnrin náà sì wò mí lókè gíláàsì rẹ̀. Ó ní ọmọdé ò ní búra. Ara tù mí débi pé omijé bọ́ lójú mi.

Àǹtí ní láti lọ wo àbúrò wọn nìyẹn. A dé ilé lọ́sàn-án, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran díndín dání. Inú Mọ́mì dùn, wọ́n dì mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ kan tó máa ń sùn nínú kíláàsì wọn l'Ábẹ́òkúta, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Àǹtí fi di àyà mú. Mọ́mì dìde, wọ́n bu omi wá fún Àǹtí. Wọ́n jókòó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n tún dìde, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì fún yín lómi." Wọ́n bu òmíràn. Nígbà tí a máa fi kúrò níbẹ̀, ife omi mẹ́ta ló wà níwájú Àǹtí, gbogbo rẹ̀ kún.

"Ṣé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ẹ́?" Àǹtí béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí mi."

Àǹtí wakọ̀ dé ilé epo tó wà níwájú ẹ̀sítéètì, wọ́n páàkì, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ láìra epo. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn àti Dádì lọ búra, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá mi padà sílé.

Ọjọ́rú ni ọlọ́pàá káǹtì méjì dé, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Dádì ló ṣílẹ̀kùn. Mọ́mì gba ìwé adájọ́, wọ́n sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ka ìwé aláìsàn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wọ bàtà. Ọlọ́pàá obìnrin yẹn bá wọn so okùn bàtà náà. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí mi lórí àtẹ̀gùn.

"Fọlákẹ́, ṣé ìwọ lo sọ?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́mì ṣíwájú àwọn ọlọ́pàá náà jáde, obìnrin tó ń gbé lódìkejì títì sì dá omi tó ń bu sí òdòdó rẹ̀ dúró títí mọ́tò wọn fi lọ.

Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí adájọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì, ní àdúgbò West End ní Atlanta, ni Dádì tó sọ ọ́ fún mi, nígbà tí wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé. Wọ́n ní ìjọba fún Mọ́mì ní lọ́yà, lọ́yà náà sì jà fún wọn gan-an, débi pé inú ń bí Dádì sí i. Mọ́mì ní nọ́ọ̀sì ni àwọn, àwọn mọ ìwọ̀n oògùn ju ọkọ àwọn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ohun tí Àǹtí Bọ́lá kọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi ife omi, Mọ́mì yíjú sí ẹ̀gbọ́n wọn.

"Mẹ́ta?"

Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mi ò mọ̀," ni Mọ́mì wí. Láti ibẹ̀ lọ, wọn ò janpata mọ́. Adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n wọ ilé ìtọ́jú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wù mí kí n sọ pé ibẹ̀ ló parí sí. Mọ́mì padà wálé, wọ́n ti rù, wọ́n sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀: "Jọ̀ọ́, bá mi na iyọ̀ yẹn." Báyìí la ṣe ń gbé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún padà sídìí oògùn, Dádì sì tún padà lọ to ìlà níwájú káńtà yẹn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, Mọ́mì fúnra wọn ló ní ká gbé àwọn lọ. Àṣẹ adájọ́ ò wo Mọ́mì sàn. Ó kàn dá wọn dúró láàyè títí wọ́n fi ṣe tán fúnra wọn ni. Wọn ò ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́ láti ìgbà náà.

Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó mẹ́nu kàn án. Wọ́n ń dirun fún mi. "Mo bínú sí ẹ gan-an," ni wọ́n wí lẹ́yìn mi. "Ó ti wá rẹ̀ mí láti máa bínú." Wọ́n sì ń bá irun lọ.

Ọdún kan ló kù kí n tó ọjọ́ orí tí Mọ́mì wà nígbà yẹn. Nígbà òtútù tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lórúnkún, oògùn tí wọ́n fún wọn sì jẹ́ ìbátan èyí tó fẹ́ gba ẹ̀mí wọn. Mọ́mì ti ìgò náà sọ́dọ̀ mi. "Ìwọ ni kó o mú un dání. Ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́. Tí mo bá bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀kẹta, pe ẹ̀gbọ́n mi." Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n bẹ̀ mí fún ẹ̀kẹta. Mi ò fún wọn, àmọ́ mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ara mi pé orúnkún ló ń dùn wọ́n, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, pé Àǹtí ti dàgbà jù fún irú ìpè bẹ́ẹ̀. Odindi ọjọ́ kan àbọ̀ ni mo fi ń gbé fóònù tí mo ń gbé e sílẹ̀ kí n tó pè wọ́n. Àǹtí wá, wọ́n jókòó ti àbúrò wọn, dókítà pààrọ̀ oògùn náà, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ yẹn nílò kó tó sọ òtítọ́. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé àìgbọ́n ló mú un sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ń bínú sí i bí Mọ́mì ṣe bínú sí i. Ní báyìí, mo mọ̀ pé òun ló gbójú ju èmi tí mo ti dàgbà yìí lọ. Kò tíì mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni. Èmi mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi.