Jẹjẹrẹ Tó Ń Tu Oògùn Dànù

Àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti fẹ́ gbé okùn ìwọ̀n kọ́ ọrùn, ìka mi kan kókó kan lábẹ́ etí òsì. Ó le, kò sì dùn mí. Aránṣọ ni mí nílùú Dáṣà, ní àwọn ọdún Ìyípadà, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámárádì. Aṣọ tí àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ wọ̀ yan níwájú àwọn aláṣẹ ló kún orí ẹ̀rọ mi. Mo ní bóyá eyín ló fà á, mo sì ń ránṣọ mi lọ.

Kí oṣù méjì tó pé, kókó náà ti di mẹ́ta. Mo ń làágùn lójú oorun débi pé ẹní mi máa ń tutù, àwọn aṣọ mi sì ti tóbi jù mí lọ. Fẹ́líìsì, ọkọ mi, tó ń dáko iṣu ní abúlé Tré, ló mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnu.

Níbẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Àwa tí à ń dúró de èsì jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnìkejì. Dókítà, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, irú èyí tó ń mú kókó ọrùn àti abíyá, tí wọ́n ń pè ní lẹ́ńfóòmù. N kò sunkún. Ohun tí mo rántí ni pé mo ń ka bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Ọ̀kan ti já.

Ṣímíò ni wọ́n ń pe ìtọ́jú náà: oògùn olóró tí wọ́n ń fà sí iṣan kó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara wa, bí bíríkì lára ilé. Mo bì títí ọ̀fun mi fi bó. Irun mi ń já sọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà kẹta, kókó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìyá mi, tó wá ń tọ́jú mi, sì jó ní àgbàlá ilé ìwòsàn.

Nígbà karùn-ún, oògùn ṣì wà lára mi nígbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn mi tí mo tún bá a níbẹ̀. Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Báwo ni ohun tí à ń pa ṣe ń dàgbà?

Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú dókítà.

“Dókítà, èmi ni mo ba ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́. Mo ń bu àgbo sínú ẹ̀kọ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.”

Mo wò ó bí ẹni tí n kò mọ̀ rí.

“Ìyá, ẹ dìde,” ni dókítà wí. “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láìsọ fún mi, torí àgbo mìíràn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí irú èyí lára àwọn tí kò fẹnu kan ewé rí.”

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Pùrótéènì ni òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì: wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Irú kan wà tó dúró sára awọ sẹ́ẹ̀lì, tó ń tu oògùn síta kó tó ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ní i lọ́pọ̀ ni kò kú. Òun ló sì ń bí sí i.

“N kò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi rí i lára yín,” ó sọ fún mi, “àmọ́ ó jọ bẹ́ẹ̀. Oògùn mìíràn wà tí irú pùrótéènì yẹn kò lè tu dànù. A ó gbìyànjú rẹ̀.”

Oògùn náà kò sí ní Kútọnu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi dúró kó tó ti òkè òkun dé, kókó sì ń fún mi lọ́fun. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbé omi mì. Ìyá mi kò lè wo ojú mi, èmi náà kò sì bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń tọ́ ẹ̀kọ mi wò níwájú nọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo ní, “Ìyá mi, ẹ gbé ẹ̀kọ mi wá.”

Oògùn kejì mú kí etí mi máa hó. Ìka ẹsẹ̀ mi kò sì mọ nǹkan lára dáadáa títí dòní. Ṣùgbọ́n kókó náà yọ́ lọ, kò sì padà mọ́. Ẹ̀yin tí irú èyí bá dé bá, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu fún dókítà yín.

Nígbà àyẹ̀wò ìkẹyìn, mo bi dókítà léèrè ibi tí jẹjẹrẹ ti rí irú pùrótéènì bẹ́ẹ̀.

“Lára yín ni. Ó wà nínú ìfun àti kíndìnrín gbogbo wa. Ó ń bá wa lé májèlé jáde.”

Àyà mi já ju ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ àìsàn náà lọ. Ohun tó fẹ́ pa mí ni ohun tó ti ń ṣọ́ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. N kò tíì mọ bí a ṣe ń bínú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n ó sì kí ara mi: o kú iṣẹ́, o kú ìfaradà.