Gatyeni Kì Í Kọjá Ẹ̀sán

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ to àwọn tó le jù nínú gbogbo ẹni tó bá Welile Mfeketo du ìgbàdí ẹ̀ṣẹ́ ayé, láti àárọ̀ kùtù ni Gatyeni ti wọ ẹ̀wù kóòtù. Kóòtù ìsìnkú ni. Kò ní òmíràn.

Gbọ̀ngàn kún. Gbogbo ìlú Mdantsane ló wá, torí níbẹ̀, ọmọ ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kó tó kọ́ ìwé. Welile jókòó síwájú, ó gbé ìgbàdí lé orúnkún bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlá ló fi di ìgbàdí yẹn mú. Ẹni mẹ́tàlá wá gbà á, ẹni mẹ́tàlá ló padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Olóòtú ètò, ọmọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ rédíò, ń pe orúkọ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Ẹnì karùn-ún, ará Gánà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kẹrin, ará Ítálì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó fi máa dé orí ẹnì kejì, ará Kòríà tó yọ eyín Welile kan, Gatyeni ti dìde, ó ti ń de bọ́tìnnì.

"Ẹni kìíní," ni ọmọ rédíò wí, "ẹni tó le jù lọ nínú gbogbo wọn..."

Gatyeni ti dé orí pèpéle. Ó ti ń juwọ́ sí àwọn èèyàn.

"...ni ará Mẹ́síkò!"

Gatyeni ò sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Tata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀," ni ọmọ rédíò wí, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá níbẹ̀.

"Ta ló lù mí?"

"Kò sẹ́ni tó lù yín, Tata."

"Kí wá ni mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ fún? Ẹni tó bá wà lójú ìjà, àfi kí wọ́n kà á dé ẹ̀wá kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ pe rẹfirí wá." Ló bá nà gbalaja sórí pèpéle, tòun ti kóòtù.

Rẹfirí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tata Nqini ni, òun gan-an ló wà láàárín Gatyeni àti Welile lọ́jọ́ tí wọ́n jà. Ó ti darúgbó. Ó fi ọ̀pá gun orí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìka sókè. "Ení! Èjì! Ẹ̀ta!" Gbogbo gbọ̀ngàn ń bá a kà. Bí wọ́n ṣe pe ẹ̀sán báyìí, Gatyeni fò dìde, ó gbọn kóòtù, ó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè.

Ọmọ rédíò tún bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Ó tún dùbúlẹ̀. Wọ́n tún kà á. Wọ́n dé ẹ̀sán, ó dìde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ẹran fi tutù nínú ìkòkò, tí àwọn èèyàn fi ń yọ́ lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Welile rẹ́rìn-ín títí ìgbàdí fi jábọ́ lórúnkún rẹ̀. Nígbà tó yá, Tata Nqini jókòó ti Gatyeni lórí pákó.

"Gatyeni, ó rẹ̀ mí."

"Ẹ gbọ́ o!" ni Gatyeni pariwo sí àwọn àga tó ṣófo. "Rẹfirí ti jáwọ́. Èmi ni mo borí!"

Dumalisile ni wọ́n sọ ọ́. Gatyeni ni oríkì ìdílé rẹ̀, òun la sì fi ń pè é, torí a kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Oríkì yìí náà ló fa gbogbo wàhálà.

Ìjà òun àti Welile ò tó abala kan. Agogo dún, wọ́n pàdé láàárín, Welile fi ọwọ́ òsì gbá a lágbọ̀n, ó ṣubú. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Gatyeni fúnra rẹ̀ ò jiyàn ẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń jà lé lórí títí ó fi kú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní MamGatyeni, wà nídìí okùn tó yí ojú ìjà ká. Bó ṣe rí àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í kó lè rí agbára. "Gatyeni! Mamali! Ndondela!" Ó ń pe àwọn baba ńlá wọn bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sọdá odò, ẹni tó ní màlúù pupa, ẹni tó kọ̀ tí kò sá. Gatyeni gbọ́ ọ. Ó lajú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti padà sára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í ṣàdédé dìde fùú nígbà tí wọ́n bá ń ki àwọn baba rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dorí kodò níbi tó wà, ó ń retí kó parí. MamGatyeni ò sì jẹ́ fo ẹnì kankan. Kò tíì kan bàbá bàbá wọn tí Tata Nqini fi pe ẹ̀wá.

"Mo gbọ́ ẹ̀sán," Gatyeni a máa wí. "Mo gbọ́ ọ ketekete. Ṣé kí n wá já àwọn baba mi gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi nítorí ìgbàdí?"

"Èmi ni mo ní kó o dìde!" ni MamGatyeni a fèsì láti ilé ìdáná.

"Sisi, ẹ ò ní kí n dìde. Ẹ̀ ń kì mí ni."

"Kí lo rò pé mo ń kì ọ́ fún, ìwọ òmùgọ̀ yìí?"

Ọ̀rọ̀ Gatyeni kò ju ọ̀kan lọ láyé. Rẹfirí tó bá ní ilé tó ti jáde wá, ó yẹ kó dáwọ́ kíkà dúró títí oríkì á fi parí. Tata Nqini ní kò sí nínú òfin.

"Òfin ta ni?"

"Òfin ẹ̀ṣẹ́."

"Ṣé òfin ẹ̀ṣẹ́ ló bí yín ni?"

Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ìgbà òtútù kan fi kọjá. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé orin kan náà ni wọ́n sì ń wò.

Orí àgùntàn ni Gatyeni ń sè tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Orí tábìlì ọjà rẹ̀ ló ti ń to àwọn tó bá Welile jà. Àràárọ̀ ló ń to orí àgùntàn sí ìlà. Èyí tó kéré jù, ará Ítálì. Èyí tí eyín rẹ̀ yọ síta, ará Kòríà. Èyí tó tóbi jù, tó ń dán, tó wà lórí àwo tirẹ̀, òun Gatyeni ni.

"Tata, ẹ fún mi ní ńlá yẹn."

"Ẹni kìíní nìyẹn. Kò ṣeé tà. Mú ará Gánà."

"Ará Gánà ti jinná jù."

"Bó ṣe rí lójú ìjà náà nìyẹn."

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹni kìíní.

Àwọn awakọ̀ a máa fín in níràn. "Tata, ará Mẹ́síkò bá Welile ja abala méjìlá. Ẹ̀yin ò ja ẹyọ kan tán."

"Tí ejò bá wọ yàrá ẹ, ṣé wàá máa rọra nà án? Ìgbà kan ṣoṣo lo máa gbá a, pẹ̀lú gbogbo agbára tí ìyá ẹ bí mọ́ ọ. Èmi ni ejò yẹn. Ará Mẹ́síkò, eku ni. Wọ́n kàn ń lé e kiri yàrá."

Lọ́jọ́ kan, akọ̀ròyìn kan wá láti Johannesburg, ó ń béèrè ilé Welile. Ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ta ló le, ta ni kò le. Ìdí orí àgùntàn ló ti béèrè ọ̀nà. Gatyeni nu ọwọ́, ó mú un lọ tààrà sí ilé ara rẹ̀. Ó jẹ́ kó fọwọ́ kan àgbọ̀n òun. Ó ní kí MamGatyeni ki oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ọkùnrin náà lè fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe gùn tó. Akọ̀ròyìn sùn lọ níbi baba ńlá kan tí a kò ní dárúkọ.

Ìwé ìròyìn jáde. Ẹni mẹ́tàlá ló bá Welile jà. Ipò kẹrìnlá ni wọ́n fi Gatyeni sí. Ẹni tó wà lókè rẹ̀ ni ará Bràsíìlì kan tó sanra ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ, tí wọn ò sì jẹ́ kó wọ ojú ìjà rárá.

Gatyeni wò ó títí. A rò pé yóò ya ìwé náà.

"Ará Bràsíìlì yìí le," ló wí. "Kò sẹ́ni tó lù ú rí."

Sọ́ńdè ni ọjọ́ tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé Welile ló ń gbà lọ. Kó tó ṣí fìlà, ó ti béèrè.

"Welile, ta ló le jù?"

"Jẹun."

Wọ́n á jẹ àgbàdo gígún àti ẹ̀wà, wọ́n á jẹ ẹran, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò àti ti ìjọba. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á tún yíjú padà.

"O ò tíì sọ. Ta ló le jù?"

"Má gbàgbé fìlà ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Ìyàwó Welile a máa bẹ̀ ẹ́. "Sọ fún ọkùnrin yìí, kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀." Welile á kàn máa wo ojú fèrèsé, á máa wo fìlà Gatyeni bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ ní àdúgbò.

Nígbà tí àìsàn gbé Gatyeni dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń béèrè. "Tata, láti oókan dé ẹ̀wá, báwo ni ìrora yín ṣe tó?"

"Ẹ̀sán."

Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. "Báyìí ńkọ́?"

"Ẹ̀sán."

"Tata, ṣé kò dín kù ni?"

"Ó dín kù, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí."

Welile gbé oúnjẹ wá bá a ní Sọ́ńdè yẹn. Gatyeni ò lè gbé ṣíbí.

"Ta ló le jù?"

"Jẹun."

"Welile, mi ò lè jẹun."

Welile wo ilẹ̀, ó wo abọ́ oúnjẹ náà. Ó bu díẹ̀, ó fi sí i lẹ́nu. "Sọ́ńdè tó ń bọ̀," ló wí. "Wá sílé, màá sọ fún ẹ."

Ọjọ́bọ̀ ni Gatyeni kú.

Kóòtù ìsìnkú yẹn ni wọ́n fi sin ín. Inú àgọ́ kún débi pé àwọn awakọ̀ dúró nínú oòrùn. Nígbà tó kan Welile láti sọ̀rọ̀, ó dìde, kò mú ìgbàdí wá.

"Ẹ mọ ohun tó máa ń bi mí," ló wí. "Ojú ará Mẹ́síkò, mo ti gbàgbé ẹ̀. Ará Kòríà mú eyín mi lọ, mi ò rí i mọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n lù mí tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹyọ kan yìí ló ń padà wá. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún un. Ẹ̀rù bà mí. Tí mo bá sọ fún un, kí ló tún máa wá ṣe nílé mi ní Sọ́ńdè?"

Ó yíjú sí pósí.

"Ìwọ ni, Gatyeni. Ìwọ lo le jù."

"Ẹ wo ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́!" ni MamGatyeni pariwo. Ẹ̀rín sọ nínú àgọ́, omijé sì wà nínú ẹ̀rín náà.

Nídìí sàréè, MamGatyeni bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kò fo ẹnì kankan. Àwọn tó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da iyẹ̀pẹ̀, Tata Nqini na ọ̀pá sí wọn. "Ẹ dúró. Kò tíì parí." Oòrùn yí. Ó ki ẹni tó sọdá odò, ó ki ẹni tó ní màlúù pupa, ó dé orí bàbá bàbá wọn, ó dé orí bàbá wọn, ó wá fi àbúrò rẹ̀ kún un. Ó parí.

Ìgbà yẹn ni Tata Nqini tó bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀pá. Ó gbé ìka sókè.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta."

Kò yára. Gbogbo wa bá a kà á, títí dé ẹ̀sán.

Ó dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ àgọ́. A ń retí ẹ̀wá. Ó na ẹ̀yìn ró díẹ̀díẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ilé.

"Tata," ni Welile pè é, "ó ku ọ̀kan."

"Mo ti ka tèmi," ni Tata Nqini wí. "Ó kù sí Gatyeni lọ́wọ́."