Ẹran Tó Há Sí Mi Léyín Lọ́jọ́ Àjíǹde

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí ọbẹ̀ ìtọ́wò. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, torí èmi ò mọ̀wé. Bí mo bá sọ̀rọ̀ kan, á fi Hausa ní, "To, Kaka," ìyẹn "Ó dáa, Ìyá àgbà," á sì kọ ọ́. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ bá wí!

Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Kaduna ni. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ń ṣe káfíńtà ní rélùwéè, ó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá máa bá òun tọ́jú ilé. Ìdí ń dùn mí nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin! Ungwan Romi tí mò ń gbé báyìí yìí, igbó ni nígbà náà.

Ilé alámọ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa. Páànù orí rẹ̀ máa ń pariwo tí òjò bá dé, a ò sì ní gbọ́ ìwàásù mọ́. Fadá ò gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá ṣe Mísà. Òyìnbó ni, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà, ṣùgbọ́n ó ti gbé ilẹ̀ Yorùbá rí, ó gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí kò bá sí níbẹ̀, Baba Kátíkísì ló ń kó wa gbàdúrà, òun náà ló ń ka ìwé ìròyìn tí Fadá bá fi ránṣẹ́: ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, àti ìbáwí. Ìbáwí ò wọ́n nínú ìwé Fadá!

Jósẹ́fù, akọ̀wé kan ní rélùwéè, ló fẹ́ fẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Tèrésà, ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà sì ni olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Ìyá Tèrésà bá ní rárá, Jósẹ́fù ò lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí n má parọ́ fún yín, mo bẹ̀rù obìnrin náà ju Fadá lọ.

Wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi ní Kérésì. Ètò ni pé kí n gba Kómúníò àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Àjíǹde, kí wọ́n kéde orúkọ èmi àti Jósẹ́fù lẹ́ẹ̀mẹta nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ká wá ṣègbéyàwó. Gbogbo ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni mo fi kọ́ kátíkísímù sórí. Èmi tí n ò mọ A! Bí mo bá ń lọ ata, ìbéèrè. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ìdáhùn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ òfin ayé ìgbà yẹn. Wákàtí kan péré lẹ fi ń gbààwẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba Kómúníò. Ní tiwa, láti agogo méjìlá òru, nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́fun rẹ. Omi pàápàá! Ẹni tó bá ti fi nǹkan kan ẹnu, kó jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó wá di àárọ̀ Àjíǹde, àkùkọ kọ, a ti wà nídìí iná ní àgbàlá Ìyá Tèrésà, torí gbogbo ìjọ ló máa jọ jẹun lẹ́yìn Mísà, Fadá náà á sì bá wa jẹ. Ewúrẹ́ méjì la pa. Ọwọ́ Ìyá Ràmátù la ti yá ìkòkò tó gbà wọ́n. Ará Ìlọrin ni, mùsùlùmí ni, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé Ìyá Tèrésà. Òun náà wá bá wa koná.

Ìyá Tèrésà bu ọbẹ̀ sí mi ní àtẹ́lẹ́wọ́, ó fi ègé ẹran kan lé e. "Ìyàwó, tọ́ ọ wò. Ṣé ó ti rọ̀?"

Mo lá ọbẹ̀, mo jẹ ẹran, mo gbé e mì. Mo ní ó ti rọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ò dé ibẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i, òun náà bu ọbẹ̀ sọ́wọ́, ó jẹ ẹran tiẹ̀, ó ní, "Èyí dáa." Ó tán. Kò sẹ́ni tó ronú kàn án. Ọwọ́ tó ti ń dáná láti kékeré, ṣé ó ń gbàṣẹ kó tó gbé ọbẹ̀ sẹ́nu ni?

A dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ aṣọ funfun, mo fi funfun borí. Wọ́n kéde orúkọ wa ní ìgbà àkọ́kọ́, orí mi wú. Nígbà tó tó àkókò Kómúníò, àwa tuntun mẹ́fà kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Èmi ni mo ṣe ìkarùn-ún. Fadá ti ń bọ̀, ó ń sọ Látìn rẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kìíní. Ẹnì kejì. Mo ní kí n gbé itọ́ mì kí ẹnu mi lè mọ́, ni ahọ́n mi bá kan nǹkan láàárín eyín.

Ẹran!

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá gbà á, mo mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin níwájú Ọlọ́run nìyẹn. Bí mo bá dìde, gbogbo ìjọ ń wò mí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dìde níbẹ̀ láìgbà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni wọ́n máa ní ó lé e. Omidan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ìgbéyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n máa kà sí i lọ́rùn.

Ó ku ẹnì kan kí Fadá kàn mí. Mo dìde.

Bí mo ṣe ń padà, àwọn àgbà obìnrin ti tò sẹ́yìn wa, Ìyá Tèrésà ló ṣáájú. Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó lọ kúnlẹ̀ síbi tí mo ti dìde gan-an, ó la ẹnu, ó gbà. Ó ṣe mí bíi kí n fà á ní ìró. N ò fà á.

Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbakọ lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan tiẹ̀ ní, "Ẹ rọra o, kó má bu tèmi!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Tèrésà fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Ta lo lọ bá?"

Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni, mà.

"Kí ló wá lé ẹ dìde? Orúnkún ń dùn ẹ́?"

Jósẹ́fù náà bi mí, ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Mo ní kó fún mi láyè.

Ẹ̀ ń bi mí pé kí ló dé tí n ò sọ? Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Bí mo bá ní mo tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n á ní ta ló bù ú fún mi. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní òun náà ńkọ́. Olórí obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ ẹran tán tó lọ gba Kómúníò! Ṣé ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ ni kí n kọ́kọ́ tì kí n tó wọlé ọkọ?

Mo wá ta ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n! Kí Fadá tó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sáré lọ bá a pé mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní n ò dẹ́ṣẹ̀ kankan, pé ohun tí mo ṣe dáa, pé òun á fún mi ní Kómúníò tí òun bá padà wá. Inú mi dùn. Mo ní ó parí! Fadá á fi í sínú ìwé ìròyìn, gbogbo ìjọ á sì gbọ́ pé ọwọ́ mi mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ìwé Fadá dé. Mo jókòó síwájú. Baba Kátíkísì ṣí i, ó ń kà á. Fadá dúpẹ́ fún àsè Àjíǹde. Kí àwọn ọkùnrin wá kan páànù tí atẹ́gùn ká kí òjò tó dé. Kí ẹni tó ń mú ajá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì so ó mọ́lé. Ká gbàdúrà fún ìyá ọlọ́mọ tuntun kan tí ara rẹ̀ ò yá. Ó pa ìwé dé.

Tèmi dà? Ìkéde wa kejì gan-an, kò kà á!

Àṣé Ìyá Tèrésà ti lọ bá Baba Kátíkísì pé kó dá ìkéde náà dúró, pé ìdílé àwọn fẹ́ kọ́kọ́ wádìí mi. Jósẹ́fù ò sì lè sọ nǹkan kan.

Mo bínú lọ sílé Baba Kátíkísì. Mo ní ṣé Fadá ò kọ nǹkan kan nípa mi ni, nígbà tó jẹ́ pé ó mọ gbogbo rẹ̀?

Ó ní, "Ibo lo ti sọ fún un?"

"Níbi ìjẹ́wọ́ ni, sà."

Bàbá lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. "Ìwọ ọmọ yìí! O ju ọ̀rọ̀ sínú kànga, o fi pákó dé e, o wá ń retí kí kànga ké jáde! Bí wọ́n fi ọ̀bẹ sí Fadá lọ́rùn, kò ní sọ ọ́. Kátíkísímù tí o kọ́ sórí ńkọ́?"

Òótọ́ ni, ó wà lórí mi. N ò kàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tèmi náà wà nínú rẹ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ pé n ò jẹ̀bi, èmi fúnra mi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Mo sunkún délé.

Ìkòkò Ìyá Ràmátù wà nílé wa, torí èmi ni wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́. Ó wá gbé e lọ́jọ́ kejì, ó bá mi tí ojú mi ti wú. "Haba, ìyàwó!" Mo ro ó fún un.

Ó ní, "Mo kúkú rí ẹ̀yin méjèèjì nídìí ìkòkò. Mo rò pé ẹ̀yin kì í gbààwẹ̀ ni." Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá gbàgbé tó jẹun nínú ààwẹ̀, Ọlọ́run ló fún un jẹ, ààwẹ̀ rẹ̀ ò bàjẹ́. Mo ní tiwa yàtọ̀.

"To. Tiyín yàtọ̀. Tiyín ló ní kó o dákẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní alágbèrè?"

Mo ní àgbà ni mò ń bọ̀wọ̀ fún.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn, ẹ̀rù ni. Bí aṣọ àgbà bá ya nídìí, ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un ló ń lọ sọ ọ́ sí i létí."

Mo gbé ìkòkò náà rù, mo tẹ̀lé e. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ nílé rẹ̀, mo yà sí ọ̀dọ̀ Ìyá Tèrésà. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo rọ ohùn mi sílẹ̀: "Ẹ má bínú, mà. Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ ní kí n tọ́ wò láàárọ̀ Àjíǹde, ẹran inú rẹ̀ ló há sí mi léyín níwájú pẹpẹ."

Ó wo àtẹ́lẹ́wọ́ ara rẹ̀.

"Èmi náà jẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo sì lọ gbà á."

Ó gbọn ẹ̀wà nù lára ìró, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Kò bú mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò dá mi láre níta o! Jósẹ́fù ní ẹ̀gbọ́n òun ò jẹun dáadáa mọ́, pé kì í sùn. Ìkéde wa dúró síbi tó dúró. Mo ní bóyá bó ṣe máa parí nìyẹn, kí n máa palẹ̀ mọ́ padà sílé.

Fadá padà wá. Ìyá Tèrésà ló kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìwàásù, Baba Kátíkísì ṣí ìwé ìròyìn. Kó tó ka ọ̀rọ̀ kan, Ìyá Tèrésà dìde. Ẹ rántí pé obìnrin kì í sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà!

Ó ní òun ní ìròyìn kan tí kò sí nínú ìwé. "Ọmọ tí mo ń bà lórúkọ jẹ́ láti Àjíǹde, èmi ni mo bu ọbẹ̀ sí i lọ́wọ́. A jọ jẹ ẹran ni. Òun rántí, ó dìde. Èmi ò rántí, mo lọ gbà. Nítorí kó má tú mi síta ni kò ṣe sọ̀rọ̀."

Ó kọjú sí Baba Kátíkísì. "Ẹ ka ìkéde ìyàwó wa."

Baba Kátíkísì wo Fadá. Fadá fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó mi orí pé kó máa kà á. Kí Fadá tó jókòó, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń ta kókó sọ pé ẹni tó gbàgbé ò dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rí ọmọnìkejì rẹ̀ tó dìde, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ka ẹ̀ṣẹ̀, kó wá rí òun kí ọkọ̀ ojú irin tó lọ. Ìlà ìjẹ́wọ́ ọjọ́ náà gùn dé ẹnu ọ̀nà!

Mo gba Kómúníò mi. Mo ti fi pákò rin eyín lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, mo ń tu itọ́ rẹ̀ dànù bí ẹni tó mu májèlé. Ìkéde pé mẹ́ta, a ṣègbéyàwó, mo sì kó wá sí àgbàlá Ìyá Tèrésà.

Láti ìgbà náà, bí a bá ń dáná ọdún, Ìyá Tèrésà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á ké sí i: "Ìyá Ràmátù, ẹ wá bá wa tọ́ iyọ̀ wò o!" Ìyá Ràmátù á wá, á jẹ ẹran kan, á ní kò tíì yé òun, kí wọ́n tún fi òmíràn sí i. Bí ààwẹ̀ tiwọn bá dé, tí òun náà ò lè tọ́ ọbẹ̀ wò, á na abọ́ sí mi lórí ògiri nírọ̀lẹ́: "Ìyàwó, iyọ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Ẹ má bá ẹni tó dìde ka ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ò mọ ohun tó há sí i léyín. Ẹ má sì fi ìbẹ̀rù pe ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti dákẹ́ nítorí àgbà rí, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ mi, á kà á fún mi.

Ìyá Tèrésà àti Ìyá Ràmátù ti lọ. Ràmátù ọmọ rẹ̀ wà ní Rigasa, ní apá àwọn mùsùlùmí ní Kaduna, èmi wà níhìn-ín ní apá àwọn Kristẹni, odò àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, á pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́, kò sì ní kọ́kọ́ kí mi. Á ní, "Ìyàwó, iyọ̀ ńkọ́?"

Màá ní, "Ó ti tó."