Eyín Tí Kò Ní Ihò

Eyín ìyàwó mi ni mo fi ń jẹ eegun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èyí tó pọ̀ jù nínú tèmi ti ká tipẹ́, kò sì ká mi lára, torí pé bí a bá ti se ẹran ewúrẹ́ nílé wa ní Kàbbà, obìnrin náà á gbé eegun ẹsẹ̀ sẹ́nu, á fi eyín fọ́ ọ, á wá gbọn mùdùnmúdùn rẹ̀ sórí iyán mi. Ẹ̀kùrọ́ ńkọ́? Eyín náà ló fi ń pa á. Ìyá rẹ̀ kó gbogbo eyín tirẹ̀ wọ sàréè, nítorí náà a gbà pé eyín ilé wọn kì í bàjẹ́.

Nígbà tí mo rí i pé apá ọ̀tún nìkan ló fi ń jẹun, mo bi í. Ó ní, "Bàbá, eyín kan ló ń ta mí bí mo bá ti gé nǹkan jẹ." Èmi ọlọ́gbọ́n! Mo ní kó yanu, mo tan iná fóònù sí i. Eyín funfun báláú. Lọ́dọ̀ wa, ihò kòkòrò là ń wá lẹ́nu ẹni tí eyín ń dùn. Bí kò bá sí ihò, kò sí àìsàn nìyẹn. Mo ní kó máa fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Ó ń fọ̀ ọ́, ó sì ń fọ́ eegun mi lọ.

Ìgbà tí erìgì rẹ̀ wú tó ń sun ọyún la tó lọ bá dókítà eyín. Ọ̀dọ́bìnrin ni. Ó ya fọ́tò eyín náà, ó fi hàn wá: gbòǹgbò rẹ̀ ti là gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Màmá, kòkòrò ò jẹ eyín yìí rí, dókítà kankan ò sì ṣiṣẹ́ nínú gbòǹgbò rẹ̀ rí. Nǹkan líle tí ẹ ń jẹ ló là á."

Ìyàwó mi ní kí wọ́n bá òun lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Dókítà ní èyí tó là tó báyìí kò ṣe é lẹ̀, àfi kí wọ́n yọ ọ́. Ó mà ṣe o! Obìnrin tí kò sunkún nígbà ìrọbí sunkún lórí àga yẹn. "Eyín tó dára! Eyín tó dára!" Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà Iléyá tó kọjá, àbúrò mi tó ń kírun gbé ẹran wá fún wa. Mo sọ fún ìyàwó mi pé n kò fẹ́ mùdùnmúdùn mọ́, kó da eegun nù. Irọ́ ni, ó sì mọ̀. Ó gbé eegun lọ sẹ́yìn ilé, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi òkúta fọ́ ọ. Ó padà wá gbọn ọ́n sórí iyán mi, tòun ti èérún eegun àti yanrìn. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì.